Irú nọ́ńbà wo ni 4,294,967,297, báwo la sì ṣe ń tú u palẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Wọ́n fún wa ní nọ́ńbà 4,294,967,297 ní kíláàsì pé ká sọ ohun gbogbo tí a bá lè sọ nípa rẹ̀: ṣé prime ni (nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí 1 àti òun fúnra rẹ̀ nìkan pín dọ́gba), àwọn nọ́ńbà wo ló pín in, ẹgbẹ́ wo ló wà. Mo kọ ètò kékeré kan sórí kọ̀ǹpútà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ètò náà lo 2 láti fi dán an wò, ó ní prime ni. Ọ̀rẹ́ mi kọ tirẹ̀, ó ní kì í ṣe prime. Mo tún gbé e sínú ètò kẹta, 1 ló kọ jáde. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé mo sì lè fi bírò àti ìwé ṣe é?

Ìdáhùn: Ọ̀rẹ́ yín ló gbà á. 4,294,967,297 kì í ṣe prime. 641 lọ́nà 6,700,417 ni, àwọn méjèèjì yìí ló sì jẹ́ prime. Kì í ṣe pé ẹ kọ ètò tiyín lódì. Irú àyẹ̀wò tí ẹ ní kó ṣe ni nọ́ńbà yìí máa ń tàn jẹ. 1 tó jáde nínú ètò kẹta náà ní ìdí tirẹ̀. Fífi bírò ṣe é wá ńkọ́? Ó ṣeé ṣe dáadáa, kò sì ní gbà yín ju ojú ìwé kan lọ.

Kí ẹ tó pín ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ wo bí wọ́n ṣe ṣẹ̀dá nọ́ńbà náà. 2 lọ́nà 2 jẹ́ 4. 4 lọ́nà 4, 16. 16 lọ́nà 16, 256. 256 lọ́nà 256, 65,536. 65,536 lọ́nà 65,536, 4,294,967,296. Ẹ fi 1 kún un, ó dé. Nítorí náà 2³² + 1 ni: 2 méjìlélọ́gbọ̀n tí a sọ di púpọ̀ mọ́ra wọn, tí a wá fi 1 lé lórí. Bí ẹ bá fi 0 àti 1 tí kọ̀ǹpútà ń lò kọ ọ́, dígíìtì 33 ni: 1 níwájú, òdo 31 láàárín, 1 lẹ́yìn, ẹ kà á láti òsì, ẹ kà á láti ọ̀tún, bákan náà ni. Ní ètò oní-16 (hexadecimal), 100000001 ni. Nínú ìṣirò àwọn bàbá wa, níbi tí ọ̀kẹ́ kan ti jẹ́ 20,000, ọ̀kẹ́ 214,748 ni, pẹ̀lú 7,297 lórí rẹ̀.

Ìrísí yìí ló sọ ẹbí tó ti wá fún wa. Nọ́ńbà Fermat ni wọ́n ń pè wọ́n, nítorí Pierre de Fermat, amòfin ará Toulouse ní ilẹ̀ Faransé, tó kọ̀wé nípa wọn ní 1640. Bí ẹ bá fi 1 kún 2, 4, 16, 256 àti 65,536 tí a rí lókè, márùn-ún àkọ́kọ́ nìyí: 3, 5, 17, 257, 65,537. A ń pè wọ́n ní F₀ títí dé F₄, gbogbo wọn ló sì jẹ́ prime. Fermat gbà pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìyókù máa rí. Ní 1729, Goldbach, onímọ̀ ìṣirò kan, kọ lẹ́tà sí Euler, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, láti béèrè ohun tó rò nípa ọ̀rọ̀ náà, nígbà tó sì di 1732, Euler, tó ń ṣiṣẹ́ ní St. Petersburg, fi hàn pé 641 pín F₅ dọ́gba. F₅ yìí ni nọ́ńbà tiyín. Òun ni àkọ́kọ́ tó ba àbá Fermat jẹ́, kò sì dá wà: láti F₅ títí dé F₃₂, kò sí ìkankan tó jẹ́ prime nínú wọn.

Ẹ jẹ́ ká wá wá olùpín rẹ̀. Àwọn àyẹ̀wò tí gbogbo wa mọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ kì í pẹ́. 7 ló parí rẹ̀, nítorí náà 2 àti 5 kò pín in. Àròpọ̀ àwọn dígíìtì rẹ̀ jẹ́ 59, 3 kò pín 59, kò lè pín òun náà. Bí a bá fi 7 pín in, 5 ló máa ṣẹ́kù. Ti 11, ẹ máa rò kí ẹ sì máa yọ láti ọ̀tún: 7 − 9 + 2 − 7 + 6 − 9 + 4 − 9 + 2 − 4, ó jẹ́ −17, 11 kò pín in. Ẹni tó bá ń bá a lọ báyìí, tó ń dán prime kọ̀ọ̀kan wò, máa débi tó ń wá, nítorí 641 ni prime kẹrìndínlọ́gọ́fà. Ṣùgbọ́n ìpín 116 ló máa ṣe, àṣìṣe kan ṣoṣo níbẹ̀ sì ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Ká ní nọ́ńbà náà jẹ́ prime ni, gbogbo prime 6,542 tó wà nísàlẹ̀ 65,536 ló máa dán wò kó tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà.

Ibí ni ìrísí 2³² + 1 ti wúlò. Ẹ jẹ́ ká pe prime tó bá pín in ní p. Bí p bá pín 2³² + 1 dọ́gba, a jẹ́ pé bí a bá fi p pín 2³², ohun tó máa ṣẹ́kù fi 1 dín sí p. −1 la máa ń kọ fún un, torí iṣẹ́ ló ń dín kù. −1 lọ́nà −1 jẹ́ 1, nítorí náà 2⁶⁴ máa ṣẹ́ku 1. Àwọn àṣẹ́kù 2, 4, 8, 16 àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ máa ń yí po bí ọjọ́ ọjà. Ọjà tí wọ́n ń ná ní ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin, bí ẹ bá bá a lónìí tí ẹ sì tún bá a lọ́jọ́ mìíràn, iye ọjọ́ tó wà láàárín gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin. Ìyípo tiwa níbí jẹ́ 64 gan-an. Kò lè kéré sí i, nítorí ìyípo tó bá kéré jù bẹ́ẹ̀ máa pín 32 dọ́gba, 2³² ì bá sì ṣẹ́ku 1 dípò −1. Fermat kan náà ló sì fi yé wa pé bí p bá jẹ́ prime tí kì í ṣe 2, 2 tí a gbé dé agbára p − 1 máa ń ṣẹ́ku 1 lábẹ́ p, ìyẹn bí a bá fi p pín in. Nítorí náà p − 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 64. Olùpín tí a ń wá kò lè ní ìrísí mìíràn ju 64k + 1 lọ.

Ẹ wá kà wọ́n: 65, 129, 193, 257, 321, 385, 449, 513, 577, 641. Ẹ yọ àwọn tí kì í ṣe prime kúrò, ó ku 193, 257, 449, 577 àti 641. Ìpín márùn-ún péré. Ní 1878, Édouard Lucas fi hàn pé fún F₅, ìrísí náà tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, 128k + 1 ni, 193, 449 àti 577 bá já kúrò níbẹ̀, ó wá ku 257 àti 641. 257 fúnra rẹ̀ jẹ́ F₃, nọ́ńbà Fermat méjì kì í sì í ní olùpín kan náà. Ìdí ni pé bí ẹ bá sọ gbogbo àwọn tó ṣáájú di púpọ̀ mọ́ra wọn, 3 × 5 × 17 × 257 × 65,537, 4,294,967,295 lẹ máa rí, ìyẹn tiwa dín 2. Ohun tó bá pín àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ pín 2, kò sì sí èyí tó ṣeé fi 2 pín nínú wọn. Bẹ́ẹ̀ ni ọwọ́ wa ṣe bọ́ sórí 641 tààrà.

Ẹ má ṣe fi 641 pín dígíìtì mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà. Bí wọ́n ṣe sọ nọ́ńbà náà di púpọ̀ ni kí ẹ tẹ̀ lé, kí ẹ máa gé e kù bí ẹ ti ń lọ. 2⁸ jẹ́ 256. 256 lọ́nà 256 jẹ́ 65,536. 641 lọ́nà 102 jẹ́ 65,382. Ó ku 154. Èyí ni àṣẹ́kù 2¹⁶. Ẹ wá fi 154 lọ́nà 154: 23,716. Ẹ wo 641 lọ́nà 37: 23,717. Ó fi ẹyọ kan péré dín! Nítorí náà 2³² ṣẹ́ku −1, bí ẹ bá sì fi 1 kún un, òdo ló kù. 641 pín in dọ́gba. Bí ẹ bá fi ọ̀nà kan náà gbé àwọn mẹ́rin yòókù wò, àṣẹ́kù 2³² + 1 tí ẹ máa rí ni 109 fún 193, 2 fún 257, 325 fún 449, 288 fún 577. Bí tiyín bá yàtọ̀ sí èyí, ibi tí ẹ ti gé nọ́ńbà kù ni kí ẹ padà lọ wò, ibẹ̀ ni àṣìṣe sábà máa ń wà.

Ọ̀nà kan tún wà tó lẹ́wà ju èyí lọ, nítorí kò ní ìpín nínú rárá. 641 jẹ́ 5 × 2⁷ + 1, torí 5 lọ́nà 128 jẹ́ 640. 641 tún jẹ́ 5⁴ + 2⁴, torí 625 àti 16 ni. Èyí àkọ́kọ́ sọ pé lábẹ́ 641, 5 × 2⁷ àti −1 jẹ́ ọ̀kan náà. Ẹ gbé méjèèjì dé agbára 4: 5⁴ × 2²⁸ di 1. Èyí èkejì sọ pé 5⁴ àti −2⁴ jẹ́ ọ̀kan náà, ẹ fi rọ́pò rẹ̀: −2⁴ × 2²⁸, ìyẹn −2³², di 1. Nítorí náà 2³² + 1 di òdo. Ó tán.

Ibi tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti ń pàdánù máàkì ló kàn. Wọ́n á pín, wọ́n á rí 6,700,417, wọ́n á sì kọ "prime ni" láìdán an wò. Ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn. Ohun tó bá pín 6,700,417 pín F₅ náà, nítorí náà òfin 128k + 1 ṣì de é. Kò sì sí ìdí láti kọjá 2,588, torí 2,589 lọ́nà ara rẹ̀ ti ju 6,700,417 lọ. Láàárín ibẹ̀, àwọn prime tó ní ìrísí 128k + 1 kò ju márùn-ún lọ: 257, 641, 769, 1,153 àti 1,409. Àṣẹ́kù wọn nìyí ní títẹ̀lé: 170, 44, 120, 334, 622. Kò sí òdo níbẹ̀, prime ni 6,700,417. Ẹ kíyè sí i pé 641 tún wà lára àwọn tí a dán wò. Bí ẹ bá fò ó, ẹ kò tíì fi hàn pé 641 kò pín nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí ẹ bá ti ní olùpín méjèèjì lọ́wọ́, ìyókù rọrùn. Olùpín rẹ̀ mẹ́rin ni: 1, 641, 6,700,417 àti òun fúnra rẹ̀. Nọ́ńbà tó bá jẹ́ prime méjì péré tí a sọ di púpọ̀ ni wọ́n ń pè ní semiprime, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan nìyẹn. Kò sí prime tó pín in lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní squarefree. Bí ẹ bá ro olùpín rẹ̀ pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀ mọ́ ọn, 6,701,059 ni, èyí tó kéré sí i púpọ̀púpọ̀, ó sì sọ ọ́ di deficient. Ẹ fi wé 28, tí 1 + 2 + 4 + 7 + 14 dé ibẹ̀ gẹ́lẹ́, tí wọ́n torí ẹ̀ ń pè ní perfect. Àròpọ̀ olùpín mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jẹ́ 4,301,668,356. Iye nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tí kò ní olùpín kankan pẹ̀lú rẹ̀ ju 1 lọ jẹ́ 640 × 6,700,416, ìyẹn 4,288,266,240. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ ṣì í ṣe, ẹ ro méjèèjì yìí pọ̀: fún semiprime tí prime méjèèjì rẹ̀ yàtọ̀ síra, ìlọ́po méjì nọ́ńbà náà àti 2 lórí rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ jáde, ìyẹn 8,589,934,596.

Ohun kan wà tí olùkọ́ yín lè má retí, tí mo sì rò pé ó yẹ kí ẹ kọ. Nọ́ńbà yìí ṣeé kọ ní ọ̀nà méjì gẹ́gẹ́ bí àròpọ̀ nọ́ńbà méjì tí a fi lọ́nà ara wọn. Àkọ́kọ́ hàn gbangba: 65,536² + 1². Èkejì ni 62,264² + 20,449²; ẹ ṣírò rẹ̀, 3,876,805,696 àti 418,161,601 ni, ó pé. Ibo ló ti wá? 641 jẹ́ 25² + 4², 6,700,417 sì jẹ́ 2,556² + 409². Ẹ wá so wọ́n pọ̀ ní ìbú: 25 × 2,556 jẹ́ 63,900, 4 × 409 jẹ́ 1,636. Ẹ yọ ọ̀kan nínú èkejì, 62,264 nìyẹn; ẹ rò wọ́n pọ̀, 65,536. Ẹ ṣe apá kejì bákan náà: 25 × 409 jẹ́ 10,225, 4 × 2,556 jẹ́ 10,224, àròpọ̀ wọn 20,449, ìyàtọ̀ wọn 1. Prime kan kì í ní irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ méjì láéláé. Nítorí náà ẹni tó bá kọ ọ̀nà méjèèjì sílẹ̀ ti fi hàn pé kì í ṣe prime, kódà bí kò bá gbọ́ orúkọ 641 rí.

Ó wá kan ètò tiyín. Àyẹ̀wò tí ẹ lò máa ń gbé 2 dé agbára n − 1, ó máa ń wò ó bóyá 1 ló ṣẹ́kù lábẹ́ n. Bí n bá jẹ́ prime tó ju 2 lọ, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù. Àmọ́ 1 lè ṣẹ́kù kí n má sì jẹ́ prime, irú èyí ni wọ́n ń pè ní pseudoprime. Fún F₅, n − 1 jẹ́ 2³². 2³² ṣẹ́ku −1 lábẹ́ n láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, 2⁶⁴ ṣẹ́ku 1, 64 sì pín 2³² dọ́gba. Kò sí bí èsì ṣe lè jẹ́ ohun mìíràn ju 1 lọ. Gbogbo nọ́ńbà Fermat ló máa yege àyẹ̀wò yìí, ẹni tó jẹ́ prime àti ẹni tí kì í ṣe prime. Àyẹ̀wò Miller–Rabin tó le jù ú lọ kò ní mú un pẹ̀lú, bó bá jẹ́ 2 nìkan lẹ fún un.

Ẹ fi 3 rọ́pò 2. Ní 1877, Pépin fi hàn pé fún nọ́ńbà Fermat láti F₁ lọ sókè, 3 nìkan ti tó láti dájọ́ láìsí iyèméjì. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 3, ẹ fi lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mọkànlélọ́gbọ̀n, ẹ máa gé e kù lábẹ́ n nígbà kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ prime, −1 ló máa gbẹ̀yìn, ìyẹn 4,294,967,296. Ohun tó gbẹ̀yìn níbí ni 10,324,303. Bí ẹ bá tún fi ìyẹn lọ́nà ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, 3,029,026,160 ni, kì í ṣe 1. Nítorí náà kì í ṣe prime. Àyẹ̀wò yìí kò sọ olùpín kankan fún wa o, ìdájọ́ nìkan ló ń ṣe.

Ní Python, pow(3, 2**31, 2**32 + 1) máa gbé 10324303 jáde lójú ẹsẹ̀. Ẹ má kọ 2^32 + 1 níbẹ̀, torí iṣẹ́ mìíràn ni àmì ^ ń ṣe ní Python, 35 lẹ máa rí. Ní àwọn èdè tí nọ́ńbà wọn ní ààlà, ẹ ṣọ́ ìgbésẹ̀ kẹfà. Àwọn mẹ́rin àkọ́kọ́ kéré: 9, 81, 6,561, 43,046,721. Ìkarùn-ún gé kù sí 3,793,201,458. Àpótí bíìtì 64 tó ń gba nọ́ńbà ìsàlẹ̀ òdo kò lè gba ohun tó bá ju 9,223,372,036,854,775,807 lọ, nọ́ńbà tó bá sì ti kọjá 3,037,000,499 máa kún un ya bí ẹ bá fi lọ́nà ara rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, èsì yín ti di irọ́, kò sì sí ìkìlọ̀ kankan tó máa hàn sí yín. JavaScript náà máa ń ṣìnà níbẹ̀ gan-an, nítorí 9,007,199,254,740,991 ni ibi tó ti ń pàdánù ẹyọ. BigInt, irú nọ́ńbà tó ń gba dígíìtì púpọ̀ ní JavaScript, ni kí ẹ lò.

1 tí ẹ rí nínú ètò kẹta, àpótí bíìtì 32 ló fà á. Nọ́ńbà 4,294,967,296 ni irú àpótí bẹ́ẹ̀ lè ṣojú fún, láti 0 dé 4,294,967,295, iye kan náà tí àdírẹ́sì íntánẹ́ẹ̀tì IPv4 jẹ́. Ohun tó bá kọjá rẹ̀ máa yí padà sí ìbẹ̀rẹ̀: 4,294,967,297 yọ 4,294,967,296, ó ku 1. Ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tó ń gba dígíìtì mẹ́jọ kò tilẹ̀ ní gbà á wọlé.

Aládùúgbò rẹ̀, 4,294,967,295, náà ní iyì tirẹ̀. Iṣẹ́ tí Gauss bẹ̀rẹ̀ ní 1796, tí Wantzel parí ní 1837, fi hàn pé ẹni tó ní rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan lè ya àwòrán tí ìhà rẹ̀ gbogbo dọ́gba, tí iye ìhà náà jẹ́ 4,294,967,295, nítorí prime Fermat márààrún ló para pọ̀ di í. Kò tíì sí iye ìhà tí kò ṣeé fi 2 pín tí a mọ̀ pé ó ṣeé yà bẹ́ẹ̀ tó tóbi jù ú lọ. Ti F₅ fúnra rẹ̀ kò ṣeé yà bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá fẹ́ fi ọ̀nà yìí dán F₆ wò, 18,446,744,073,709,551,617 ni, ìrísí olùpín rẹ̀ sì jẹ́ 256k + 1. Ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà ka k láti 1 lọ. Nígbà tí k bá dé 1,071, 274,177 máa pín in dọ́gba, 67,280,421,310,721 sì máa jáde. Python ni kí ẹ fi ṣe é, nítorí 2⁶⁴ + 1 lòun: bí ẹ bá gbé e sínú àpótí bíìtì 64, 1 kan náà ló máa kọ jáde fún yín.